Ìkéde: Omi kànga Ìkẹ́rẹ́ ní Sátidé

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ ìwádìí wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, a ó lọ bu omi kànga ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, kí a lè wọn radon inú rẹ̀, ìyẹn gáàsì kan tó ń tú ìtànṣán jáde. Aago méje àárọ̀ ni ọkọ̀ máa gbéra ní Adó.

Òkúta gíránáìtì bíi ti Olósùnta, òkè àpáta Ìkẹ́rẹ́, máa ń ní uranium díẹ̀ nínú. Bí uranium yẹn ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀ ni gáàsì radon ń jáde, tó sì ń wọnú omi. Láàárín ọjọ́ 3.8, ìdajì radon náà á ti lọ. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sára ìgò lójú ẹsẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn onímátíìsì wa ò ní rí nǹkan kan ṣírò. Ẹ ri ìgò bọ inú omi, ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti dé e. Bí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò tí atẹ́gùn ń hó gòkè, ẹ dà á nù, ẹ bu òmíràn.

Àwọn ará sìtátísíìkì ti fi ìbò mú àwọn kànga náà. Ẹ má wá fi èyí tó wà lẹ́bàá títì rọ́pò wọn torí pé ẹsẹ̀ ń ro yín!

Ẹ kí onílé dáadáa kí ẹ tó fa omi. Ẹni tí kò bá ní lè wá, kó sọ fún akọ̀wé kó tó di Ọjọ́bọ̀.