Àdùkẹ́, Má Fo Oògùn Kálíṣíọ̀mù Rẹ

Iléṣà

Àdùkẹ́ mi,

Ọkọ rẹ pè mí láti Ifẹ̀ lánàá. Ó ní ètè rẹ àti orí ìka rẹ ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀, pajápajá sì ń mú ọ lẹ́sẹ̀ lóru, ìwọ ní àárẹ̀ ni. Àárẹ̀ kọ́. Ó ní o ti ń fo kálíṣíọ̀mù rẹ.

Ẹṣẹ́ (gland) kéékèèké mẹ́rin, tí wọ́n ń pè ní parathyroid, wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti gé gẹ̀gẹ̀ yẹn lọ́rùn rẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju ẹyọ ìrẹsì lọ. Àwọn ló ń ṣọ́ kálíṣíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ abẹ lè mú kí wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ti ẹlòmíràn kì í jí mọ́.

Ọkàn rẹ ló ń já mi láyà. Iná kékeré bíi ti mànàmáná ló ń mú un lù. Bí iná náà bá ti dé ara ẹran ọkàn, kálíṣíọ̀mù á wọlé, ẹran náà á fún pọ̀. Wíwọlé rẹ̀ náà ló ń mú kí ojú ọ̀nà tó gbà tètè tì. Tó bá kéré nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀nà yẹn á pẹ́ kó tó tì, ọkàn á sì pẹ́ kó tó sinmi. Lórí bébà ECG, èyí tí ẹ̀rọ ń ya ìlà iná ọkàn sí, ibi tó tẹ́jú ṣáájú ìgbì tí wọ́n ń pè ní T ló máa ń gùn. T fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ẹni tó bá ń kánjú kò ní rí i. Bó bá gùn jù, ọkàn lè máa gbọ̀n dípò kó lù, èèyàn á sì ṣubú lulẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n chloroquine, oògùn ibà, àti erythromycin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, náà lè mú kí ọkàn pẹ́ kó tó sinmi, nítorí náà má ra oògùn ibà kankan lọ́wọ́ oníkẹ́mísì láìbéèrè.

Màmá ọkọ rẹ ní kó o máa jẹ ẹja teegunteegun. Jẹ ẹ́, wọn ò ṣìnà, àmọ́ kò lè rọ́pò oògùn. Kí oògùn òwúrọ̀ rẹ, thyroxine, fi wákàtí 4 jìnnà sí kálíṣíọ̀mù.

Lọ sí OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ifẹ̀, lónìí. Kálíṣíọ̀mù rẹ yẹ kó wà láàárín bíi 8.5 sí 10.5 mg/dL. Ní kí wọ́n wo magnesium pẹ̀lú; tí ìyẹn bá kéré, kálíṣíọ̀mù kò ní gòkè bọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ kálíṣíọ̀mù sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni, ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 10. Má kán nọ́ọ̀sì lójú. Iṣẹ́ tí mo ṣe nìyẹn.

Kó gbogbo páálí oògùn rẹ dání, àti èyí tí o kò lò.

Ìyá rẹ.