Ẹ̀yin ọmọ olórin, ta ló ni orin yín?

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Sítúdíò kékeré kan ni mo ní ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, ojoojúmọ́ làwọn ọmọ ń wọlé tí wọ́n ń sọ pé "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wá iléeṣẹ́ orin tó máa sáìn mi", bẹ́ẹ̀ tó o bá bi wọ́n pé ta ló ni bíìtì tí wọ́n fi kọrin, wọn ò ní rí nǹkan kan sọ. Wọ́n rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ló gbé kí olórin dá dúró dé. Irọ́ ni jàre. Lọ́dún 1969 ni Haruna Ìṣọ̀lá alápàlà àti I.K. Dairo oníjùjú ti jọ dá iléeṣẹ́ àwo tiwọn, Star Records, sílẹ̀, nígbà tó sì di 1979 Bàbá Ìṣọ̀lá gbé Phonodisk kalẹ̀ n'Ìjẹ̀bú-Igbó, sítúdíò ni, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tẹ àwo. Sunny Adé náà bá African Songs, iléeṣẹ́ tó ń gbé àwo ẹ̀ jáde, fà á dé kóòtù kó tó dá tiẹ̀, Sunny Alade Records, sílẹ̀ ní nǹkan bíi 1974. Lọ́dún 1982 iléeṣẹ́ àwo Island gbé àwo ẹ̀ jáde lókè òkun, ariwo ta, ọdún díẹ̀ sí i wọ́n láwọn ò ṣe mọ́, ọkùnrin náà kàn ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ ní Nàìjíríà torí ó ti ní ibi tó máa padà sí.

Tiyín rọrùn jùyẹn lọ. Ẹ sanwó fún DistroKid tàbí TuneCore, àwọn tó ń bá olórin pín orin kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, orin yín á dé Spotify, á dé Boomplay, níbi táwọn èèyàn ti ń gbọ́ orin lórí fóònù. Ṣùgbọ́n owó ohùn tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀ nìkan nìyẹn o, owó ẹni tó kọ orin, irú èyí tó ń ti rédíò àti hòtẹ́ẹ̀lì wá, ọ̀tọ̀ ni, ẹgbẹ́ bíi MCSN ló ń gbà á, tẹ́ ò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ta ni kí wọ́n kó o fún?

Kẹ́ ẹ tó kúrò ní sítúdíò, ẹ kọ ọ́ sínú pépà: ta ló kọ ọ̀rọ̀, ta ló ṣe bíìtì, èló nínú ọgọ́rùn-ún ni ti oníkálukú, kí gbogbo yín sáìn. Ìgbà tí orin ò tíì pa kọ́bọ̀ lẹnu máa ń kò, tó bá ti gbajúmọ̀ tán, ọ̀rẹ́ á di ẹlẹ́jọ́. Bíìtì tẹ́ ẹ rà lórí YouTube ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹ̀, ẹ kàn háyà ẹ̀ ni, ẹlòmíì lè ti fi kọrin kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀.

Láti 2024, orin tí wọn ò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12, Spotify ò san nǹkan kan lórí ẹ̀, ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń ra strímù ayédèrú, ìyẹn iye ìgbọ́ tí kì í ṣe òótọ́, Spotify á wá yọ orin náà, wọ́n á tún bu fáìnì lé e. Owó ẹni tó ń gbọ́ orin láti Nàìjíríà ò dẹ̀ tó ti ará London. Ẹ má fojú di òde àríyá ṣá. Àwọn onífújì ti mọ̀ tipẹ́, ìsọmọlórúkọ o, òkú àgbà o, wọ́n á gba àsansílẹ̀ kí wọ́n tó gbé ìlù sínú mọ́tò. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní àwọn ò lè kọrin níbi tí wọ́n ti ń pín jọ̀lọ́ọ̀fù. Ó dáa, ta ló máa san rẹ́ǹtì?

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má sáìn o. Simi olórin wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ orin X3M Music títí àdéhùn fi parí ní 2019 kó tó dá tiẹ̀, Studio Brat, sílẹ̀. Kẹ́ ẹ ṣáà gbé ìwé náà fún lọ́yà tiyín, kì í ṣe lọ́yà tiwọn, torí owó tí iléeṣẹ́ náà bá ná lórí fídíò, inú owó orin yín ni wọ́n á ti yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó fojú kan náírà.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ kan rèé. Òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ, Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní March 2023, Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Ṣé ẹ lè bá wa wá lọ́yà tó máa máa tú u sí Yorùbá díẹ̀díẹ̀ lójú ìwé yín? Àwọn onílù tó ń wá sọ́dọ̀ mi ò ní ka ti Òyìnbó yẹn láé, ìwé ìròyìn yín ni wọ́n máa ń kà nígbà tí wọ́n bá ń dúró kí iná dé.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.