Wálé, dìde lórí síìtì yẹn

Wálé ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, òtútù Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Àwa náà ń bẹ ní Ìbàdàn, a dúpẹ́. Ohun tó o sọ lórí WhatsApp lọ́jọ́ Àìkú ni ò jẹ́ kí n sùn, ibi tó o ti ní dókítà sọ pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹ ti ń gòkè, pé kò tíì di ìtọ̀ ṣúgà ṣùgbọ́n ó ti ń sún mọ́ ọn, o wá ń rẹ́rìn-ín, o ní kò sí wàhálà, NHS, ètò ìlera ìjọba yín lọ́hùn-ún, á fún ẹ lóògùn. Ẹ̀rín yẹn ò bá mi lára mu rárá.

Jẹ́ n sọ tèmi ná. Ó ti lé lọ́dún méjì tí wọ́n ti sọ pé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, oríṣi oògùn méjì ni wọ́n kọ fún mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ₦4,000 ń ra méjèèjì fún oṣù kan, ká tó wí ká tó fọ̀ ó ti di ₦15,000, àpò ara mi ló sì ti ń jáde, torí ta ló ní insurance nínú àwa tá a ń tajà? Kì í ṣe oògùn ibà téèyàn máa lò tán lọ́jọ́ mẹ́ta, oṣooṣù ni. Oṣù kan wà tí ọjà ò tà, Ìyá Tọ́lá bá mi nídìí tábìlì níbi tí mo ti ń fi bíléèdì gé tábúlẹ́ẹ̀tì sí méjì kó lè dé ìparí oṣù. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn rọra gba bíléèdì lọ́wọ́ mi. Ó dùn mí ju kó bú mi lọ.

Lọ́jọ́ kejì ló jí mi ní aago márùn-ún ààbọ̀ pé ó yá, ká máa lọ. Nọ́ọ̀sì ti ń sọ fún mi tipẹ́ pé kí n máa rìn, mi ò kà á sí. Láti Bẹẹrẹ la ti gba Òkè Àrẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dúró mí lọ́jọ́ yẹn, àyà mi ń lù kì kì kì. Báyìí a ń gùn ún láìdúró, a sì ń tàkúrọ̀sọ lọ. BP mi tó wà ní 160/100 ti wá sí 136/84, lóṣù tó kọjá dókítà ní kí n fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú oògùn méjèèjì. Dókítà ló sọ ọ́ o, èmi kọ́ ni mo dá a dúró fúnra mi.

Ìwọ tó ò ń wa bọ́ọ̀sì wá ńkọ́? Ṣó o mọ̀ pé lára àwọn dírẹ́bà Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀ gan-an ni wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ yìí? Dókítà kan tó ń jẹ́ Jerry Morris ló gbé e jáde ní 1953. Dírẹ́bà ń jókòó látàárọ̀ dalẹ́, kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì alájà méjì lókè lódò, ó máa ń tó 500 sí 750 àtẹ̀gùn lójúmọ́, àrùn ọkàn sì pọ̀ lára dírẹ́bà ju ti kọ̀ǹdọ́kítọ̀ lọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀sì kan náà ni wọ́n jọ wà. Ẹni ọdún 99 ni Morris kó tó kú ní 2009. Ní báyìí kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ti tán nínú bọ́ọ̀sì yín, ìwọ nìkan ló kù lórí síìtì.

Ti ṣúgà ẹ gan-an ló yá jù láti bá wí. Iṣan ara (muscle) tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lò bí ọkọ̀ ṣe ń lo epo, tó o bá jókòó, ṣúgà á pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó èèyàn tó lé ní 3,000 jọ tí ọ̀rọ̀ wọn rí bíi tìẹ, èsì ẹ̀ jáde ní 2002: àwọn tó ń rìn 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ tí wọ́n sì fọn díẹ̀ fi 58% dín bí ìtọ̀ ṣúgà ṣe ń mú wọn kù, àwọn tó ń lo metformin, ìyẹn oògùn ìtọ̀ ṣúgà, 31%. Wálé, ìrìn pẹ̀lú ara tó fọn díẹ̀ borí oògùn! 150 ìṣẹ́jú yẹn, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún ni.

Má sì sọ fún mi pé ọ̀fẹ́ ni NHS, ṣebí nínú owó orí ẹ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ ní 2022 pé tí ayé ò bá rìn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 500 èèyàn ni àrùn ọkàn, ìtọ̀ ṣúgà àti irú wọn máa mú láàárín 2020 sí 2030, owó ìtọ́jú ẹ̀ á tó bílíọ̀nù 27 dọ́là lọ́dún. Ràṣídì wa tó ní rọpá-rọsẹ̀, ilẹ̀ tó rà sí Àpáta ló tà fi san owó ọsibítù, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ò sì tíì gbé síbí títí di òní. Mi ò fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀ nípa tìẹ.

Tó o bá ti parí shift alẹ́, sọ̀kalẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀bù méjì ṣáájú ilé, kó o pè mí. Mo máa ti wà lójú ọ̀nà Òkè Àrẹ̀ nígbà yẹn, ká jọ máa rìn ká jọ máa sọ̀rọ̀, ìwọ ní Peckham, èmi níbí. Kó o sì fi iye ṣúgà ẹ ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù, mo ti ra ìwé tí mo máa kọ ọ́ sí.

Ọ̀rẹ́ ẹ,
Káyọ̀dé