Ẹ jẹ́ kí ọmọ I.T. ti ìdí abẹ ìgéwèé bẹ̀rẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Àsìkò ti tó tí àwọn ọmọ Pólì Adó àti ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yòókù ń gbé lẹ́tà I.T., ìyẹn ti ìkọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, káàkiri Ìjìgbò àti Fájuyì, tí wọ́n ń wá ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ya iṣẹ́ fún títẹ̀ tí yóò gbà wọ́n. Láti ọdún 1973 tí àjọ ITF ti ìjọba àpapọ̀ ti dá SIWES sílẹ̀, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́, ohun tí a ń fẹ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kan iṣẹ́. Ẹjọ́ tí àwọn ọmọ náà máa ń rò ni pé ìwé gígé ni wọ́n ń fi àwọn sí, wọn kì í jẹ́ kí àwọn dé ìdí kọ̀ǹpútà. Wọ́n jàre, ṣùgbọ́n wọn ò jàre tán. Ìdí abẹ ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko níbẹ̀ ni kò dáa. Ọ̀sẹ̀ méjì tó.

Ẹni tó bá ti gé káàdì rẹpẹtẹ rí mọ̀ pé abẹ kì í bọ́ sórí ìlà gẹ́lẹ́ nígbà gbogbo. Ó lè yẹ̀ ní mílímítà kan, bí àwọ̀ ẹ̀yìn bá sì parí sí etí iṣẹ́ gan-an, funfun ìwé á yọ. Ìdí nìyí tí a fi ń fi mílímítà 3 àwọ̀ ẹ̀yìn kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tí a ń pè ní bleed. Káàdì oníṣòwò tó jẹ́ mílímítà 90 sí 50 á di 96 sí 56 lórí kọ̀ǹpútà. Kí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sì fi bíi mílímítà 5 jìnnà sí ibi tí abẹ máa gbà. Ọmọ tí a kàn sọ èyí fún lè gbàgbé. Èyí tó ti kó ìwé tó bàjẹ́ dànù kò ní gbàgbé.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní ìwé ètò ìsìnkú. (Èkìtì kì í fi ìsìnkú ṣeré, iṣẹ́ ò lè wọ́n.) A4 tí a ṣẹ́ sí méjì ni, tí a fi pín-ìn-nì kàn láàárín, nítorí náà iye ojú ìwé gbọ́dọ̀ ṣe é fi 4 pín. Bí ẹbí bá kó ojú ìwé 18 wá, ẹ fà á sí 20 tàbí kí ẹ dín in sí 16. Nínú olójú-ìwé 16, ojú ìwé 16 àti 1 ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú kan abala tó bo gbogbo ìyókù, 2 àti 15 á wà lójú kejì. Èyíkéyìí méjì tó bá fẹ̀gbẹ́ kanra lórí abala, àròpọ̀ wọn jẹ́ 17. Kí ọmọ náà ṣẹ́ ìwé òfìfo mẹ́rin, kí ó fi bírò kọ nọ́ńbà sí i, kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.

Fọ́tò tó bá máa fẹ̀ tó íǹṣì 5 nílò píksẹ́lì 1500, ìyẹn àwọn tóótòòtó tó para pọ̀ di àwòrán. WhatsApp máa ń dín píksẹ́lì fọ́tò kù, nítorí náà kí ẹbí fi ránṣẹ́ bíi document. Ti bánà fẹ́lẹ́ẹ̀sì kò le tó bẹ́ẹ̀, òkèèrè ni wọ́n ti ń wò ó. Lẹ́tà kéékèèké ńkọ́? Íǹkì dúdú nìkan, ìdá 100 nínú 100, kí íǹkì mẹ́ta yòókù (cyan, magenta, yellow) jẹ́ òdo. Bí a bá po mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ẹ̀rọ sì yẹ̀ díẹ̀, lẹ́tà á ní òjìji.

Èyí tó ń dùn mí jù ni àmì sí orí lẹ́tà wa. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì aláràbarà kò ní ẹ, ọ, ṣ, ni wọ́n bá fọwọ́ gbé àmì ìdánudúró sábẹ́ e àti o. Bí wọ́n bá sún ọ̀rọ̀ náà síwájú, àmì á dúró sẹ́yìn. Ẹ kọ Ẹ̀fọ̀n àti Ọ̀tùn láti fi dán fọ́ǹtì wò kí ẹ tó lò ó. Ctrl+Q inú CorelDRAW, tó ń sọ lẹ́tà di àwòrán, ìgbẹ̀yìn ni, lẹ́yìn tí ẹbí bá ti kà á tí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan tó ṣì ṣe é tún kọ.

Olùkọ́ tó bá wá ṣàbẹ̀wò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn fọwọ́ sí logbook, ìwé tí ọmọ náà ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ẹ ní kí ọmọ náà ṣí fáìlì kan níwájú yín, kí ẹ bi í pé bleed rẹ̀ dà, ojú ìwé mélòó ni, kí ló sì dé tó fi jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Oníṣẹ́ ìtẹ̀wé kan,
Adó-Èkìtì.