Ẹ Ṣeun Tí Ẹ Bá Wa Sin Màmá Wa, Ìyá Aláró

Ẹ̀yin ẹbí, ará àdúgbò, ọmọ ìjọ àti ẹ̀yin aládìrẹ Ìtòkú tí ẹ náwó nára fún wa ní Abẹ́òkúta, ẹ ṣeun, ẹ kú àdúrótì. Ẹ̀yin tí ẹ ti Èkó àti Ìbàdàn wá, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ kò dá padà, a rí yín. Òkú ọ̀fọ̀ kò ní jẹ́ tiyín láéláé.

Ọ̀pọ̀ yín béèrè bí a ṣe mọ̀ pé ẹni ọdún 93 ni Màmá, nígbà tí kò sí ìwé ìbí. Owó orí ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí wọn. Láyé ìgbà náà, ọmọbìnrin Ẹ̀gbá tó bá ti pé ọdún 15 gbọ́dọ̀ san. Ọdún 1947, tí àwọn obìnrin tẹ̀ lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lọ sí ààfin Aláké nítorí owó orí yìí, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ka Màmá mọ́ àwọn tí yóò san. Ọdún yẹn kan náà, ní May 20, ni òòrùn ṣókùnkùn lọ́sàn-án, Màmá kò sì gbàgbé rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi kọ 1932 sínú ìwé ètò. Ó lè fi ọdún kan tàbí méjì yẹ̀.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí a fún yín ní ìrántí, iṣẹ́ ọwọ́ Màmá ni. Ìbàdàndùn ni àpẹẹrẹ rẹ̀: ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí òpó gbọ̀ngàn Màpó ti Ìbàdàn. Ẹ̀kọ láfún tí a sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù díẹ̀ ni wọ́n fi yà á, ìyẹ́ adìẹ ni kálámù wọn. Bí ẹ̀kọ náà bá ṣàn jù, aró á gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Bí ó bá ki jù, á sán bó ti ń gbẹ. Ewé èlú tí a gún, tí a ṣù roboto, tí a sá gbẹ, ni wọ́n rẹ sínú omi eérú tí a sẹ́ nínú ìkòkò oníhò. Ó ń gba bí ọ̀sẹ̀ kan kí aró tó mú. Nígbà òtútù ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, bí omi eérú kò bá sì le tó, kò ní mú rárá. Tí aṣọ bá ti inú ìkòkò jáde, ó máa ń ní àwọ̀ ewé tútù. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di dúdú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rì í, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n tún ń rì í. Ẹ̀kọ máa ń ṣí díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá rì í, torí náà ni ojú àpẹẹrẹ ṣe dà bí ojú ọ̀run dípò kó funfun. Kò bàjẹ́ o.

Ẹ jọ̀ọ́, omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, lọ́tọ̀, pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀. Fífọ̀ àkọ́kọ́ yóò ṣí aró púpọ̀. Ẹ fi omi ṣàn án títí omi yóò fi mọ́. Iyọ̀ tí àwọn kan ní kí ẹ fi sí i kì í mú aró yìí dúró. Ẹ má fi búlíìṣì kàn án, yóò pa aró náà. Ẹ sá a sí abẹ́ ibòòji, kí ẹ sì lọ ẹ̀yìn rẹ̀. Kó tó di fífọ̀, ẹ má wọ̀ ọ́ lé aṣọ funfun.

Ẹni tí kò rí tirẹ̀ gbà, ó wà nílé Màmá, kí ó wá lọ́jọ́ Sátidé. Níbẹ̀ náà ni fìlà méjì, gèlè aláwọ̀ ọsàn kan àti kúlà ńlá tí a rí lábẹ́ kánópì wà.

Àwa ọmọ, ọmọ-ọmọ àti àtọmọdọ́mọ Màmá.