Ẹ má gba iṣẹ́ ìwádìí lọ́wọ́ abilékọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Òǹkàwé kan kọ̀wé sí yín láìpẹ́ yìí pé owó baba ló ń ṣòfò lórí ọmọbìnrin tó bá lọ kọ́ ìmọ̀ ewéko ní yunifásítì. Ó ní tó bá délé ọkọ, ta ni yóò bi í ní orúkọ koríko? Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Báyọ́lọ́jì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Abẹ́òkúta yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ àwọn ọmọbìnrin tí ojú wọn mú sí iṣẹ́ náà ju ti èmi tí mo kọ́ wọn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá àyè fún ìtàn obìnrin kan, Kathleen Drew-Baker.

Ìlú Leigh ní Lancashire, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1901. Yunifásítì Manchester ló lọ, ó yege ní ipò kìíní nínú ìmọ̀ ewéko ní 1922, wọ́n sì gbà á síṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Algae ló yàn láàyò, ìyẹn àwọn ewéko omi tí kì í ta òdòdó, tí kò sì ní gbòǹgbò gidi. Ẹni tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ sétí Odò Ògùn rí mọ̀ wọ́n: àwọn ló ń mú kí òkúta yọ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀. Ní 1928, ó ṣègbéyàwó pẹ̀lú Henry Wright-Baker, tí òun náà jẹ́ olùkọ́ ní Manchester. Bí iṣẹ́ olùkọ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó nìyẹn, torí òfin yunifásítì rẹ̀ ni pé abilékọ kò gbọ́dọ̀ ṣe olùkọ́. Ọkọ ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

Wọ́n fún un láyè láti máa ṣe ìwádìí, ṣùgbọ́n owó oṣù olùkọ́ ti lọ. Ó bímọ méjì, ó tọ́ wọn, kò sì kúrò nídìí máíkírósíkóòpù.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ohun tó rí. Ewéko òkun kan wà tí wọ́n ń pè ní Porphyra, ó fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Àwọn ará Wales máa ń sè é jẹ. Àwọn ará Japan ń sá irú tiwọn gbẹ, wọ́n ń pè é ní nori, òun ni wọ́n fi ń wé ìrẹsì. Ìgbà òtútù ló máa ń hù lára àpáta àti lára ohun tí àwọn apẹja rì mọ́ omi fún un. Bí ooru bá ti dé, kò sí mọ́. Ibi tí irúgbìn rẹ̀ ń fara pamọ́ sí kò yé ẹnikẹ́ni. Lọ́dún tó bá hù, àwọn tó ń gbìn ín á rówó ná. Lọ́dún tí kò bá hù, wọ́n á wọ gbèsè. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó burú fún wọn gan-an.

Drew-Baker kó ìkarahun ẹran omi tó ti ṣófo sínú omi òkun pẹ̀lú Porphyra. Ohun tó bọ́ lára ewéko náà, tí ojú lásán kò lè rí, lẹ̀ mọ́ ìkarahun, ó yọ fọ́nrán tín-ín-rín, fọ́nrán náà sì gbẹ́ ara ìkarahun wọlé. Bó ṣe ń tàn kálẹ̀ ni ojú ìkarahun funfun ń ní àbàwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú. Àwọn onímọ̀ ti mọ àbàwọ́n yìí tipẹ́, Conchocelis ni wọ́n sọ ọ́, ewéko mìíràn pátápátá ni wọ́n sì kà á sí. Obìnrin yìí ló fi hàn pé ọ̀kan náà ni wọ́n, pé inú ìkarahun ni Porphyra ń gbé nígbà tí a kò bá rí i. Ó gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Nature lọ́dún 1949.

Ọdún 1949 yẹn náà ni Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá kúrò lórí oyè, lẹ́yìn tí Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti fi ìjà owó orí gbo ìlú jìgìjìgì. Ọmọ Abẹ́òkúta ha ló yẹ kó máa sọ pé ilé ọkọ ni òpin ìmọ̀ obìnrin?

Sokichi Segawa àti àwọn onímọ̀ mìíràn ní Japan ka iṣẹ́ Drew-Baker, wọ́n dán an wò lórí nori tiwọn, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, inú àgbá omi ni wọ́n ti ń fi ìkarahun tọ́ irúgbìn, kí wọ́n tó gbé e sórí àwọ̀n, kí wọ́n tó kó àwọ̀n lọ sókun. Iṣẹ́ tó ti fẹ́ẹ̀ kú sọjí. Àwọn apẹja dá owó jọ, wọ́n gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún un ní Uto, ní Kumamoto, lọ́dún 1963. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ni wọ́n máa ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dọọdún. Òun fúnra rẹ̀ ti kú ní 1957, kò sì fẹsẹ̀ tẹ Japan rí.

Mo ní ọmọ kíláàsì kan nígbà kan. Tí a bá fẹ́ wo Spirogyra, irú algae odò kan tó rí bí fọ́nrán, òun ló máa ń lọ bu omi odò wá nínú ìgò, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ rí tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé tó lọ́ yípo nínú fọ́nrán náà. Ó kàwé débi gíga, ó ríṣẹ́ sí ilé ìwádìí kan. Nígbà tó lóyún àkọ́kọ́, ọ̀gá ní kó lọ sinmi. Nígbà tó máa padà, ẹlòmíràn ti wà lórí àga rẹ̀. Àwọn àna ní kó máa dúpẹ́, kó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Òfin kankan kò lé e. Ẹnu àwọn ènìyàn ló lé e.

Bẹ́ẹ̀, omi Odò Ògùn tí wọ́n ń fà ní Àrákàngá ni ìlú wa ń mu. Irú algae kan wà tó jẹ́ pé bó bá pọ̀ nínú omi, ó lè sọ ọ́ di májèlé. Ẹni tó mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì lábẹ́ máíkírósíkóòpù wúlò fún gbogbo ilé tó ń bu omi ẹ̀rọ. Láti 1988 ni wọ́n ti dá yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà sílẹ̀, àwọn ọmọbìnrin wa sì ń kàwé jáde níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí ọkọ, ẹ bá wọn gbé ọmọ dání. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwádìí, tí abilékọ bá ti bímọ tán tó sì ní òun ti ṣe tán, ẹ jẹ́ kó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa san owó oṣù rẹ̀ pé.

Èmi ni,
Ìyá Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.