Lẹ́tà ẹ̀sùn lórí ilé ìsinmi yín ní Pittenweem

Ọjọ́ 22, oṣù Kẹrin, ọdún 2025

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ̀wé nípa ilé tí a gbà lọ́wọ́ yín ní Pittenweem, ní etíkun Fife ní Scotland, láti ọjọ́ 12 sí ọjọ́ 19 oṣù yìí, ní 840 pọ́n-ùn. Mi ò wá fi ẹyẹ òkun sùn, mi ò sì wá fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ apẹja tó ń jáde ní ìdájí sùn. Ẹni tó gba ilé létí èbúté tí wọ́n ṣì ń kó ẹja gúnlẹ̀ sí, tó wá ń ráhùn ariwo ọkọ̀, ara rẹ̀ ni kó bá wí. Ohun tó wà níkàáwọ́ yín ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Èyí tó léwu jù ni sítóófù onígi inú pálọ̀. Inú àpò tó yanu sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé ni ẹ kó igi sí, òjò sì ń pa á. Nígbà tí a dá iná, omi ń hó jáde lójú ibi tí wọ́n ti gé igi náà, gíláàsì ilẹ̀kùn sítóófù sì ti dúdú kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé. Igi tí omi inú rẹ̀ bá ju ìdá 20 nínú 100 lọ kì í jó dáadáa: iná rẹ̀ kì í gbóná tó láti ti èéfín gòkè, ọ̀dà rẹ̀ a sì máa lẹ̀ mọ́ inú ihò èéfín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni èéfín padà wá bá wa nínú ilé. Mo wá áláàmù carbon monoxide, gáàsì olóró tó ń jáde bí iná kò bá jó dáadáa, lára ògiri títí, mi ò rí i. Inú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná ni mo ti bá a, lábẹ́ aṣọ ìnuwọ́, kò sí bátìrì nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ ni pé ọdún 2021 ló yẹ kí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Láti oṣù Kejì ọdún 2022 ni òfin Scotland ti sọ pé ó gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá tí irú sítóófù bẹ́ẹ̀ bá wà. Gáàsì yẹn kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. A pa iná, a ò sì dá a mọ́ títí a fi lọ.

Ká ní hítà yín ṣiṣẹ́ ni, ì bá sàn. Storage heater ni: òru tí owó iná wálẹ̀ ni bíríkì inú rẹ̀ ń gba ooru, ọ̀sán ló ń tú u síta. Bọ́tìnì méjì ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan fún gbígba ooru, ọ̀kan fún títú u. Ẹni tó tún ilé ṣe kí a tó dé ti pa méjèèjì. Aago 4 ìrọ̀lẹ́ Sátidé la wọlé, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè yí tí ooru yóò fi jáde ṣáájú àárọ̀ Sọ́ńdè. Ìwé ìlànà yín tún wá ní kí a yí méjèèjì sókè dópin kí a tó sùn. Ìyẹn gan-an ló ń bà á jẹ́! Bí bọ́tìnì títú bá ṣí sílẹ̀ lóru, bí ooru ṣe ń wọlé ló ń jáde, ilé á sì ti tutù padà kí ọjọ́ tó rọ̀. Gbígba ni kó lọ sókè lálẹ́. Títú, kó wà nísàlẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀ ló yẹ kí wọ́n ti tan gbígba. Hítà yàrá kejì kò tilẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ rí, bẹ́ẹ̀ súìṣì ara ògiri wà ní títàn. Ẹ jẹ́ kí oníná wò ó.

Ògiri ẹ̀yìn wọ́dúróòbù ti bu, ó dúdú kálẹ̀. Ìkùukùu òkun tí wọ́n ń pè ní haar níbẹ̀ ní ọ̀rinrin tirẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n fáànù ilé ìwẹ̀ yín náà kò fa nǹkan kan. Mo fi tíṣù ẹyọ kan lé ẹnu rẹ̀, ó já bọ́. Fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ á gbá a mú. Eruku ló dí i.

Ìpolówó yín ní kí a ra akàn lọ́wọ́ apẹja, kí a sè é fúnra wa. Ìkòkò tó tóbi jù nílé kò gbà ju lítà 2 lọ. Akàn kílò kan ń fẹ́ lítà 4 tàbí 5, kí omi iyọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ tún kọ pé ọkọ̀ ń dé ẹnu ọ̀nà. Àtẹ̀gùn òkúta ló dé ẹnu ọ̀nà.

Mi ò rí nọ́ńbà ìwé àṣẹ nínú ìpolówó náà, mi ò rí ìwọ̀n EPC, èyí tó ń sọ bí ilé ṣe ń ṣọ́ iná àti ooru lò tó. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún yìí, irú ilé báyìí kò gbọ́dọ̀ gba àlejò ní Scotland láìní ìwé àṣẹ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́. Bí kò bá sí, Fife Council ni lẹ́tà mi tó kàn ń lọ.

Owó òru méjì, 240 pọ́n-ùn, ni mo ń béèrè, àti 35 pọ́n-ùn tí a fi ra hítà alágbèéká: 275 pọ́n-ùn lápapọ̀. Rìsíìtì àti fọ́tò wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo fún yín ní ọjọ́ 14 láti fèsì lórí owó. Áláàmù kò lè dúró di ìgbà yẹn: kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ lé àlejò mìíràn lọ́wọ́, ẹ ra tuntun, ẹ kàn án mọ́ yàrá sítóófù, kó jìnnà sí i ní mítà 1 sí 3, kí ẹ sì pe ẹni tó ń gbá ihò èéfín.

Èmi ni,
Oníbàárà yín